Bí Mo Bá Dé, Má Dìde Kí Mi

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ mi,

Bí o bá dúró ka lẹ́tà yìí, rọra lọ dùbúlẹ̀. Bí o bá jókòó, lọ dùbúlẹ̀ náà. Fi ìwé náà lé Sànyà lọ́wọ́, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan, kí ó máa kà á sí ọ létí. N kò ní béèrè àlàáfíà rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ láti ìhín dé ìsàlẹ̀, àlàáfíà rẹ ni mo ń béèrè.

Ìyá Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa dé láti Òṣogbo lọ́sàn-án yìí. Bó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjà Ọba ló ti ń pariwo orúkọ mi bọ̀ lọ́nà. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń gbé omi kaná fún Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ti ń rọbí láti òwúrọ̀.

"Ìyá Tọ́ṣọ̀ọ́! Ìyá Tọ́ṣọ̀ọ́ o! Ẹ bá mi yọ̀! Lọ́rì kòkó tí ọmọ yín bá lọ dojú dé ní ìsàlẹ̀ òkè kan lọ́nà Iléṣà, ṣùgbọ́n ọmọ yín yọ!"

Mo gbé ìkòkò kalẹ̀. Mo ní, "Ó yọ báwo?"

"Ó yọ láìfarapa! Mo fojú ara mi rí i lánàá. Orí àga ló jókòó sí níwájú ilé, gbogbo àdúgbò ń wá kí i kú ewu. Ẹ̀yin náà tọ́mọ o! Àgbà tó bá wọlé, ọmọ yín á dìde, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ á kanlẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo ń ya ẹnu, wọ́n ní, 'Irú ọmọ Èkìtì wo rèé?' Bó tilẹ̀ ń pe ilé ní ulé, wọ́n ti dárí ìyẹn jì í."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ẹnu rẹ̀.

"Kò sí ibi tó ń dùn ún?"

"Ó kàn ń di ẹ̀gbẹ́ òsì mú díẹ̀ bó bá ń dìde ni. Ẹni tí àpò kòkó wó lù, ṣé kò ní di ẹ̀gbẹ́ mú ni, Ìyá Tọ́ṣọ̀ọ́?"

Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn náà ni bàbá rẹ dì mú.

Bí kì í bá ṣe ti Dúpẹ́ ni, orí ẹrù ni n bá wà lọ́nà ọ̀dọ̀ rẹ báyìí. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí oko, agbẹ̀bí sì ní ọmọ náà kò ní pẹ́ dé mọ́, kí n má kúrò nílé. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé. Làmídì, awakọ̀ ará Ìlọrin tó ń gbé lẹ́yìn ọjà, ń lọ sí Òṣogbo ní kùtùkùtù ọ̀la. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí ó fi ìwé yìí sí. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá bá a lórí ìdúró ńkọ́?" Mo ní, "Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní kí o tó fún un." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú mi, ó ní òun gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Nígbà tí bàbá rẹ kú, Iléṣà lo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, o ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí o tó dé, a ti sin ín. Wọ́n sọ fún ọ pé mọ́tò ló pa á. Ohun tí àwa náà ń sọ fún ara wa nìyẹn, nítorí pé ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, Tọ́ṣọ̀ọ́. Ó rìn wọlé, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyìn ló lọ, ó lọ ra pákó tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹsẹ̀ lọ́rì náà yọ̀ kúrò lórí afárá onígi, ọkọ̀ sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú odò tí kò jìn. Etí pákó kan gbá a ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí eegun ìhà parí sí. Ó dìde, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù, ó bá wọn fa àwọn obìnrin tó ń ké jáde, ó sì gba ọ̀nà ilé.

Mò ń gún iyán nígbà tó dé. "Ìyá Dúpẹ́," ló wí, "wá wo ọkọ rẹ tí lọ́rì jẹ tán tó tún pọ̀ jáde!" Ẹrẹ̀ bò ó dé orí. Mo yí i ká, mo ń wá ẹ̀jẹ̀. N kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wa, ló kọ́kọ́ wá kí i. Bàbá rẹ ti jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Bó ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà ló ti ń tiraka láti dìde.

"Jókòó, jókòó," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ti inú odò bọ̀!"

"Kí n jókòó, kí ẹ̀yin dúró lé mi lórí? Ṣé lọ́rì náà ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá Àgbà súre fún un títí. Inú mi dùn sí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ju bí mo ti lè sọ lọ, nítorí lójú tiwa, ẹni tó bá ti lè dìde ti yè, ẹni tó bá sì lè dọ̀bálẹ̀ kí ó tún dìde ti yè ní ìlọ́po méjì.

O mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn bàbá rẹ tó. Àwọn àgbà ilé wá, àwọn àgbà àdúgbò wá, àwọn ará ìjọ wá, àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọjọ́ kan jù ú lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí ó ti ń dìde, ó ń di ẹ̀gbẹ́ mú, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ń pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Jósẹ́fù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Dúpẹ́ kò tún nílò ìgbálẹ̀ mọ́," ló wí. "Àyà rẹ ti gbá ilé yìí tán." Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà, ó gé e sí àárín.

Nígbà tó yá, ó ní èjìká òsì ń ro òun. Mo ká aṣọ kúrò níbẹ̀, n kò rí àpá, n kò rí wíwú. A jọ sọ pé pákó tó rù ló fà á. Mo fi òrí àti omi gbígbóná pa á, láti èjìká dé ẹ̀gbẹ́ dé ikùn, mo sì tẹ ẹ́ dáadáa. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó mu omi, ó tún béèrè omi. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹni tó lá èlùbọ́. Òógùn tútù wà níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ooru. Mo ní àárẹ̀ ni. Mo fún un ní iyán jẹ, kí agbára rẹ̀ lè padà.

Ní ọjọ́ kejì, Àlùfáà ìjọ wa wá. Bàbá rẹ dìde fún wọn, ó di ògiri mú kí ó tó lè dúró. Ó dọ̀bálẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín. Bàbá rẹ kò dìde. A rò pé àdúrà tirẹ̀ ni kò tíì parí. Jósẹ́fù tilẹ̀ ní, "Dìde, ọ̀rẹ́, ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n má pè ọ́ ní aláṣejù."

Kò dìde mọ́, Tọ́ṣọ̀ọ́. Orí ìkíni ló kú sí.

Mo dìde lọ wo Dúpẹ́. Ó ń béèrè ìdí tí ojú mi fi rí báyìí. Mo ní èéfín ni.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ tán, n kò lè sùn, n kò lè jẹun, àfi ìgbà tí mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àwọn oníwàásù. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún ọ yìí. Ó ní, "Màmá, ohun kan ló ya nínú ikùn wọn lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìhà òsì. Ẹ̀jẹ̀ ń sun sínú. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń wá lára wọn kò sí lóde, inú ló wà." Ó ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà, ó lè yè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dìde tí ó ń wólẹ̀, ibi tó ya díẹ̀ á máa ya sí i. Mo jókòó tì í títí ó fi kọ́ mi ní gbogbo ohun tí èèyàn bíi tèmi lè mọ̀. Nígbà náà kò sí ẹni tí mo fẹ́ lò ó fún. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Òun ni mo ń kọ sí ọ yìí.

Ìkíní, ìdùbúlẹ̀ ni oògùn rẹ. Má dìde fún ẹnikẹ́ni. Má dìde lọ sí ilé ìgbẹ́ pàápàá. Kí Sànyà gbé ìkòkò wá bá ọ, kí ẹ má sì tijú ara yín. Kí wọ́n fi aṣọ bò ọ́ kí òtútù má mú ọ.

Ìkejì, kí Sànyà gbé àtùpà wá, kí ó wò ọ́ dáadáa. Kí ó fa ìpénpéjú rẹ ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣé inú rẹ̀ pupa, tàbí ó ti funfun? Kí ó wo ètè rẹ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀ náà, kí ó fi wé tirẹ̀. Kí ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sáré kítíkítí níbẹ̀, tí kò sì lágbára, ewu ni. Ṣé òógùn tútù ń bò ọ́? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ju bó ti yẹ lọ? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ bí o bá gbé orí sókè? Ṣé ikùn rẹ le bíi pákó, tàbí ó ń wú? Ṣé èjìká rẹ ń dùn ọ́ nígbà tí ohunkóhun kò bà á? Ẹ má ṣe retí kí gbogbo wọn pé. Ọ̀kan ṣoṣo tó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. N kò sọ pé ọ̀la. N kò sọ pé lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí o kò bá sì rí ìkankan, ìdùnnú mi nìyẹn, ṣùgbọ́n síbẹ̀ kí wọ́n gbé ọ lọ kí dọ́kítà wò ọ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí ò ń dì mú yẹn. Ohun tí kò hàn lónìí lè hàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí dọ́kítà kò bá tíì ní kí o gbé àpò kòkó, má gbé e, bí ọ̀gá rẹ tilẹ̀ ń kùn. Iṣẹ́ tuntun dára, mo sì fi í yangàn lọ́jà nígbà tí o rí i, ṣùgbọ́n wọn yóò rí akọ̀wé mìíràn tí yóò wọn kòkó. Èmi kò lè rí Tọ́ṣọ̀ọ́ mìíràn.

Ìkẹta, títí dọ́kítà yóò fi wò ọ́, má jẹ ohunkóhun, má sì mu ohunkóhun. Bí ẹnu rẹ bá gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tó tutù nu ètè rẹ. Mo mọ̀ pé ìyá onílé rẹ yóò ti gbé àgbo wá, ẹlòmíràn yóò sì ní kí o mu ẹmu kí ara rẹ lè yá. Kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, má mu ún. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí pa ọ́ ní ikùn tàbí ní ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ì báà dára tó wo. Ọwọ́ tèmi dára.

Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Ìjẹ̀bú ní ọkùnrin tó jókòó ti awakọ̀ lọ́rì yín fi orí gbá irin ọkọ̀, àti pé láti ìgbà náà ló ti ń sùn, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má jí i, kí ó sinmi. Rán Sànyà sí i nísinsìnyí. Kí ó jí i! Kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀. Bí kò bá jí, tàbí tó jí tó ń sọ ìsọkúsọ, bó bá ń bì, bí orí bá ń fọ́ ọ sí i, bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan kò bá lágbára mọ́, oorun yẹn kì í ṣe ìsinmi. Kí wọ́n gbé àtùpà sún mọ́ ojú rẹ̀ kí wọ́n wo dúdú tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì: bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, kí wọ́n má fi òwú dí i. Wọn kò gbọ́dọ̀ da omi tútù lé e lórí.

Nígbà tí lọ́rì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa, tí èmi náà wà lọ́mọge, ọkùnrin kan já bọ́ láti orí ẹrù lójú ọ̀nà Ìyìn. Gbogbo wa tí à ń ti oko bọ̀ sáré sí i. Ohun tí à ń pariwo ni pé, "Ẹ gbé e dìde! Ẹ gbé e dìde!" Ẹnìkan mú ẹsẹ̀, ẹnìkan mú abíyá, èmi mú ọwọ́ kan. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ mọ́. A ní ẹ̀rù ló ń bà á, a sì gbé e jókòó. Ọkùnrin yẹn kò tún rìn mọ́ ní ayé rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá bá ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára, fi í sílẹ̀ bó ti wà, àfi bí iná bá fẹ́ jó o tàbí tí omi fẹ́ gbé e. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kí ó má yí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ yọ ilẹ̀kùn kan lára ilé, kí ọwọ́ púpọ̀ gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ wà ní gbọọrọ. Ilẹ̀kùn náà ni kí wọ́n fi gbé ìwọ lọ. Ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ ti ṣe tán pọ̀ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, wọ́n tò lára ògiri. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó rò ó pé a lè fi ilẹ̀kùn gbé káfíńtà.

Agbẹ̀bí pè mí. Mo ti padà. Dúpẹ́ di ọwọ́ mi mú tó fi jẹ́ pé ìka mi ṣì ń ro mí, nítorí náà má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ka iye ìmọ̀ràn mọ́. Èyí tí mo bá rántí ni n ó kọ.

Nítorí pé iṣẹ́ rẹ yóò tún gbé ọ gun lọ́rì, mọ èyí. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, má sáré tọ ẹni tó ń ké. Ẹni tó ń ké ṣì ní èémí tó fi ń ké. Kọ́kọ́ wo ẹni tó dákẹ́. Wò ó bóyá ó ń mí, bóyá ohunkóhun dí ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ká aṣọ mímọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò náà pẹ̀lú agbára, má sì máa ṣí i wò. Bí aṣọ náà bá rin, ká òmíràn lé e. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn láti da epo mọ́tò sí egbò. Má gbà fún wọn. Má fi eérú sí i, má fi iyẹ̀pẹ̀ sí i. Bí igi tàbí irin bá gún èèyàn tó sì dúró síbẹ̀, má fà á yọ, di aṣọ yí i ká kí ó má mì.

Bí eegun ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá kán, má nà án. Bó ti wà ni kí o fi ọparun méjì tí o fi aṣọ wé há a láàárín, kí o dì í, ṣùgbọ́n má dì í le tó bẹ́ẹ̀ tí ìka yóò fi tutù. Àwọn tí ń to eegun mọ iṣẹ́ wọn, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí eegun bá ti yọ sí ìta, dọ́kítà ni kí ó kọ́kọ́ rí i.

Mo ti kọ èyí tó rọrùn. Èyí tó nira ló kù. Mo mọ̀ ọ́, Tọ́ṣọ̀ọ́. Ìwọ yóò gbọ́ gbogbo èyí, ìwọ yóò dùbúlẹ̀, àgbà kan yóò sì kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ yóò dìde fúnra rẹ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ ti kọ́ ọ. Ó máa ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ wálẹ̀ pé, "Kí àyà kanlẹ̀! Kí àyà kanlẹ̀!" Èmi náà máa ń bá a pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, mo kọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àgbà tó ń bọ̀ wá kí ọ. Kí Sànyà dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa kà á fún wọn kí wọ́n tó wọlé:

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ̀ ló kọ ìwé yìí láti Adó. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ kí ó ṣe fún yín, mo ti fi ìkúnlẹ̀ yìí san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dìde. Bí ó bá fẹ́ dìde, ẹ bá mi dá a dùbúlẹ̀. Ẹ kí i láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì máa lọ ní àlàáfíà. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá kí i, kò sì yè é."

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ èyí tán tó sì tún ń retí ìdọ̀bálẹ̀, kí Sànyà bá ọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Sànyà, ọmọ mi, má bínú. Ìyá Ìjẹ̀bú ní o sanra dáadáa, ara rẹ lè gbà á.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé, ṣùgbọ́n ariwo kan ti inú yàrá wá, mo sì sáré.

Tọ́ṣọ̀ọ́, Dúpẹ́ ti bí. Ọkùnrin ni. Òun àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Àwọn ará ilé ti ń wọlé bọ̀, Bàbá Àgbà náà ti dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, mò ń wò wọ́n. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó ń sùn. Kò dìde fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Àgbà fi ọ̀pá ti ara ògiri, wọ́n di orúnkún mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àgbà bíi tiwọn, títí ojú wọn fi kan ojú ọmọ náà. Wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún.

Làmídì ti rán ẹnìkan wá gba ìwé yìí. N ó fi ilé sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé, n ó sì wá ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn tirẹ̀. Bí mo bá dé, o ó gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà. Má dìde kí mi. Má gbé orí sókè pàápàá. Wà lórí ẹní bí ọmọ Dúpẹ́ ti wà yẹn, kí èmi bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ sí ọ, kí n sì kí ọ kú ewu.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀ lọ́nà.